Igi Inú Oko àti Ọ̀rá Ilẹ̀ Wa



Láyé àwọn baba wa, bí a bá dáko fún ọdún mélòó kan, a ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí igbó tún hù, kí ilẹ̀ sì sinmi. Nísinsìnyí ènìyàn pọ̀, ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Àwa fúnra wa kò yọ ara wa sílẹ̀. Nínú oko tiwa, a gé gbogbo igi, a sì finá sí i. Lọ́dún kìíní, ọmọ àgbàdo tóbi. Nígbà tí ó di ọdún kẹrin, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ dúdú lọ, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó kù.

Kí ni igi ń ṣe fún ilẹ̀? Gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju ti àgbàdo lọ. A máa fa oúnjẹ tí òjò ti wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ padà sókè. Ewé rẹ̀ a bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò líle, a sì jẹrà di oúnjẹ ekòló àti irúgbìn. Igi bí agúnmániyè ní kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò. Inú wọn ni àwọn ẹ̀dá tíntínní ń gbé, tí wọ́n ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ irúgbìn.

Ilé ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1967, dán èyí wò. Wọ́n gbin agúnmániyè ní ìlà-ìlà, àgbàdo wà láàrin, wọ́n sì ń gé ewé rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Ibi tí a tẹ́ ewé sí so ju ibi tí a ti kó o kúrò lọ. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: bí a kò bá gé e lásìkò, igi a ṣíji bo irúgbìn, a sì bá a du omi. Iṣẹ́ gígé yìí ni ó sú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀.

Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ kékeré ni a ń bẹ̀ yín fún. Ẹ má gé igi irú inú oko mọ́. Kí olúkúlùkù ri ẹ̀ka agúnmániyè mọ́ ààlà oko rẹ̀ nígbà òjò. Yóò hù, a ó sì rí ọ̀pá iṣu lára rẹ̀. Kí a má fi ilẹ̀ tí ó ti ṣá ṣe ogún fún àwọn ọmọ tí à ń kọ́.