Ẹ Kú Ìgbélé

Ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, tí àṣẹ kónílé-ó-gbélé ọlọ́jọ́ 14 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari pa nítorí àrùn kòrónà múlẹ̀ ní Èkó àti Àbújá, ni Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, tí ariwo dánfó kì í jẹ́ kí ó fojú ba oorun, pa lọ́lọ́ bí ìlú tí a séde Orò. Baálé ilé tí í jáde ní ìdájí di ẹni tí ń ṣí ìkòkò wò, tí ń béèrè ìdí tí epo fi tètè tán. Ahọ́n àti eyín a kúkú máa jà, ṣùgbọ́n ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ parí rẹ̀. Ti àwọn òbí wa tí ń bẹ lókèèrè ló ká mi lára jù: lóòótọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà, síbẹ̀ ẹni tí ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tí ó dọ̀bálẹ̀ níbi tí ìyá kò ti rí i, tí ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ewúrẹ́ tí ó jẹ ẹ̀gẹ́ ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ìyá yóò kì í ní oríkì dandan. Bí owó fóònù bá tán kí oríkì tó parí, ẹ tún un pè lọ́sàn-án.