Ìjà Láàrin Ìlànà Ìtò Lẹ́tà Nínú Ìwé Kọ̀ǹpútà

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù gbọ́ ọ tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ a-b-d wa ni, àti ọ̀rọ̀ orúkọ tí olúkúlùkù wa ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ní ìwé méjì nínú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan jẹ́ ti orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, èkejì jẹ́ ti owó tí olúkúlùkù san. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí a fa ìlà sí ní òòró àti ní ìbú, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tábìlì. Àkójọ àwọn tábìlì tí a lè so pọ̀ nípa ohun tí wọ́n jùmọ̀ ní ni dátábéèsì. Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bá IBM ṣiṣẹ́, ni ó la ọ̀nà yìí ní ọdún 1970. Akọ̀wé wa fẹ́ mọ àwọn tí ó ti san owó, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà fi orúkọ inú tábìlì kìíní wé ti inú tábìlì kejì. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ SQL Server ni akọ̀wé ń lò, yóò rí àṣìṣe 468, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé a kò lè parí ìjà tí ó wà láàrin ìlànà méjì. Bí ó bá jẹ́ MySQL, àṣìṣe 1267 ni yóò rí, pé a da ìlànà pọ̀ lọ́nà tí kò bófin mu.

Ǹjẹ́ kí ni ìlànà wọ̀nyí? Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà; nọ́ḿbà ni ó mọ̀. Nítorí náà, a ní láti sọ fún un èwo ni ó ṣáájú nínú àwọn lẹ́tà, bóyá lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré jẹ́ ọ̀kan, àti bóyá kí ó ka àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ sí tàbí kí ó fojú fò wọ́n. Àpapọ̀ ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni ìlànà ìtò lẹ́tà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní collation. Ìlànà tábìlì kan lè sọ pé owó, òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ti èkejì sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n. Bí a bá wá béèrè bóyá owó àti ọwọ́ dọ́gba, òfin ta ni kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé? Kíkọ̀ tí ó kọ̀ kì í ṣe àìsàn. Òótọ́ inú ni. Ó sàn kí adájọ́ sọ pé òun kò lè dá ẹjọ́ ju pé kí ó gbé ẹ̀bi fún aláre lọ.

Ọ̀nà tí ó ń gbà dá irú ẹjọ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí wa. Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú ìbéèrè dà bí àlejò: àṣà ilé tí ó wọ̀ ni ó ń gbà. Ìlà òòró tábìlì dà bí baálé, ó ní àṣà tirẹ̀. Nígbà tí baálé méjì tí àṣà wọn yàtọ̀ bá pàdé, ẹnìkan kò ní tẹrí ba fún ẹnìkejì. Níbẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ tí a fi ọ̀rọ̀ COLLATE pa nínú ìbéèrè ni àṣẹ ọba, ó borí ti baálé. Ṣùgbọ́n bí a bá pa àṣẹ COLLATE méjì tí ó takora sí ìhà méjèèjì, ìjà tún bẹ́, nítorí ọba méjì kì í gbé ààfin kan.

Nítorí náà, ìwòsàn kìíní ni kí a fi COLLATE sínú ìbéèrè, kí a sì dárúkọ ìlànà kan ṣoṣo. Ó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ ni. Ọ̀la ni ìjà náà yóò tún bẹ́ nínú ìbéèrè mìíràn. Àti pé bí a bá yí ìlànà ìlà òòró padà nínú ìbéèrè, kọ̀ǹpútà kì í sábà lè lo atọ́ka tí a ti tò fún un mọ́, a sì ní láti máa wo orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú SQL Server ẹ̀wẹ̀, tábìlì tí a dá fún iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ sábà máa ń gba ìlànà gbogbo ilé dípò ti dátábéèsì tí ó rán an níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ DATABASE_DEFAULT ni a fi ń dá a padà sí ọ̀nà. Ìwòsàn tí ó dé gbòǹgbò ni kí gbogbo tábìlì ní ìlànà kan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí a sì tún èyí tí ó yàtọ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n ìlànà ta ni? Ìbéèrè yìí ni ó gbé wa dé iwájú yín. Ilé iṣẹ́ Sweden kan ni ó dá MySQL sílẹ̀, títí di ọdún 2018 tí ẹ̀yà 8.0 jáde, ìlànà Sweden ni ó ń fún ẹnikẹ́ni tí kò bá yan tirẹ̀. A kò bínú sí wọn. A yìn wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn èdè wọn, wọ́n sì fi í sí ipò iwájú nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àkójọ lẹ́tà tí ìlànà náà jókòó lé kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ rárá. Ìlànà tí ó rọ́pò rẹ̀ lè tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n kò ka àmì sí nígbà tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Lójú rẹ̀, òṣó àti ọ̀ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síbí, ẹ mọ bí ìyàtọ̀ wọn ti jìnnà tó! Bí a bá sì pàṣẹ pé orúkọ kan kò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí ó dé ṣìkejì yóò gbọ́ pé òun ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe aláìní ìlànà. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ní ọdún 1875, ìpàdé pàtàkì kan wáyé ní Èkó láti fi ẹsẹ̀ ọ̀nà ìkọ̀wé wa múlẹ̀. Lẹ́tà 25 ni a ní: ẹ tẹ̀ lé e, gb tẹ̀ lé g, ọ tẹ̀ lé o, ṣ tẹ̀ lé s. Ní ìtò Gẹ̀ẹ́sì, gbẹ̀du ṣáájú gèlè. Ní ìtò tiwa, gèlè ni ó ṣáájú. Ẹgbẹ́ Unicode ti kọ ìtò wa yìí sínú àkójọ CLDR, PostgreSQL sì ti lè lò ó láti ọdún 2017 lábẹ́ orúkọ yo-x-icu. Oúnjẹ ti délẹ̀. Àwa ni a kò tíì na ọwọ́ sí i.

Ohun kan ṣì kù. Unicode kò fún ẹ́ ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo. Ẹnìkan lè kọ ẹ kí ó tó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè kọ é kí ó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni; lójú ìlànà tí ó ń wo nọ́ḿbà nìkan, méjì ni. Nítorí náà, kí a sọ gbogbo orúkọ di irú kan, èyí tí a ń pè ní NFC, kí ó tó wọ inú ìwé. PostgreSQL ní iṣẹ́ kan fún èyí láti ọdún 2020, normalize ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó ti san owó tí ìwé sì ní kò san, ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ sì darapọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, wọn kò ní bi wá nípa nọ́ḿbà àṣìṣe. Wọn yóò bi wá nípa ẹ̀tọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbé ìwé ìlú tàbí ti ẹgbẹ́ fún oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó san owó: ìlànà ìtò lẹ́tà wo ni o yàn? Ǹjẹ́ gbogbo tábìlì ni ó jùmọ̀ ní in? Ǹjẹ́ o ti sọ àmì orúkọ wa di irú kan? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó padà lọ ronú. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a kò bá fún a-b-d wa ní ipò nínú ìwé tiwa, a kò lè retí pé kí àjèjì fún un ní ipò nínú tirẹ̀.