Ghana Must Go: Bí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ghana ṣe ń sọ ìtàn àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú



Ó ṣòro kí ẹ dé ọjà ńlá kan láti Ìbàdàn títí dé Accra kí ẹ má rí àpò náà: àpò ọ̀rá ńlá onígun mẹ́rin, tí ilà pupa tàbí búlúù dábùú ara wọn lára rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Ghana Must Go là ń pè é. Ní Ghana, wọ́n mọ̀ ọ́n sí Efiewura Sua Me, ìyẹn ni pé kí onílé báni gbé ẹrù. Ní Jámánì, àpótí àwọn ará Turkey ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó jọ pé ibi tí àpò yìí bá dé, orúkọ àlejò ló ń jẹ́ níbẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló bí orúkọ tí Nàìjíríà fún un. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ Ghana tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ghana ti ti ẹnubodè rẹ̀ pa ṣáájú àkókò náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn há sójú ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i fún wọn.

Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn nìyẹn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, Accra ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Ìjọba Kofi Busia fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n lọ. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí tó ń tajà ní Kumasi, Tamale àti Accra di ẹrù wọn. Àwọn kan fi ilé sílẹ̀, àwọn kan fi ìsọ̀ sílẹ̀, àwọn mìíràn fi owó tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ilé wo wá ni ẹni tí wọ́n bí sí Kumasi, tí Twi dá lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, yóò re?

Irú ìbéèrè yìí wà nínú iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Ghana kan tí òkìkí wọn ti kàn kárí ayé.

Ẹ wo John Akomfrah. Accra ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1957, ọdún tí Ghana gba òmìnira. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní 1966, ìyá rẹ̀ gbé e sá kúrò nílùú, London ló sì dàgbà sí. Nínú Vertigo Sea, fíìmù rẹ̀ tí wọ́n ń wò lójú ògiri mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó kó àwọn ẹrú tí òkun gbé mì, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù lónìí àti àwọn ẹja àbùùbùtán tí wọ́n ń pa sórí omi kan náà. Ní 2019, ó wà lára àwọn tó ṣojú Ghana níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Venice. Ní 2024, Britain ní kó wá ṣojú òun níbẹ̀. Ìlú méjì ń du ẹnì kan ṣoṣo. Mélòó nínú àwọn tó di ẹrù ní 1969 àti 1983 ni ìlú kan ṣoṣo pàápàá bá dù?

Kì í ṣe ẹnubodè nìkan ni èèyàn ń sọdá. Ibrahim Mahama, ọmọ Tamale, máa ń rán àpò kòkó tó ti gbó pọ̀ títí yóò fi bo odindi ilé. Lára àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ ni àwọn obìnrin tó wá láti àríwá Ghana wá ṣe alábàárù ní gúúsù, àwọn tí wọ́n ń pè ní kayayei. Mahama tún ya fọ́tò apá wọn. Àwọn kan nínú wọn fín orúkọ ara wọn tàbí ti mọ̀lẹ́bí sápá, kí ẹni tó bá rí wọn lè mọ ilé tí yóò ránṣẹ́ sí bí jàm̀bá bá ṣe wọ́n. Orúkọ olówó wà lára àpò, orúkọ alábàárù wà lára awọ ara rẹ̀.

Serge Attukwei Clottey ní tirẹ̀ ń gé kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ ìyeyè sí wẹ́wẹ́, ó ń fi wáyà so wọ́n pọ̀ bí aṣọ. Ó ti tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà ní àdúgbò La ní Accra, níbi tí ìdílé rẹ̀ kó wá láti Jamestown. Kódà nínú ìlú kan náà, ẹni tó kó dé ṣì ní láti ṣàlàyé ibi tó ti wá kí wọ́n tó gbà pé ilẹ̀ tòun ni.

El Anatsui náà ń bẹ. Ọmọ Anyako ní Ghana ni, ṣùgbọ́n ní 1975 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Nsukka, ó sì kọ́ni níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ní 1983, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní Nàìjíríà. Ní 1992, ó gbẹ́ igi kan tó pè ní Visa Queue: èèyàn kéékèèké, ọ̀pọ̀ yanturu, tí wọ́n fún mọ́ra lórí ìlà. Ẹ ò lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé ṣe ń rí wọn gan-an nìyẹn.

Àṣẹ ìjọba a máa béèrè ìwé. Iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí ń béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé: kí lẹ gbé, kí lẹ fi sílẹ̀, ta ni yóò gbọ́ bí ẹ bá kú sọ́nà?

Títí dòní, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń pè ní alata samina ní Ghana. Alata, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ará Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti lé ọlọ́ṣẹ, kò tó láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ọṣẹ. Àwọn tó rin ọ̀nà náà ní 1969 ti darúgbó. Àwọn tó rìn ín ní 1983 ń dàgbà lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà nílé yín, l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni o, Accra ni o, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.