Ta Ni Ó Ni Ọmọ Tí Ebi Ń Pa?

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú wa lálẹ́ yìí, èyí tí í ṣe bí àwọn àjọ àgbáyé ṣe ń ṣètò oúnjẹ aṣaralóore fún àwọn ọmọdé níbi tí ogun tàbí ọ̀dá bá ti dé, ó kan ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Orúkọ tí a bá pe àìsàn ọmọ ni ó sábà máa ń pinnu àjọ tí yóò bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ayé gbọ́ nígbà ogun abẹ́lé wa, èyíinì ni kwashiorkor. Èdè Gà ni, láti etíkun Ghana. Dókítà Cicely Williams, ọmọ Jamaica tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ni ó gbé e wọ inú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1935. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sọ pé oúnjẹ kò sí nílé. Ohun tí ó sọ ni pé ọmọ kan ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń bọ́ ọ, ẹlòmíràn kò sì tíì gbà á. Bí a bá ń wá àpèjúwe ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àjọ púpọ̀ bá dé ibì kan náà láìní ètò, n kò tíì rí èyí tí ó dára ju èyí lọ.

Ogun wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ó sì parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1968, àwòrán àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú tí irun wọn sì pọ́n ti kún inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Yúróòpù. Ìrànlọ́wọ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ó gbà dé. Àwọn ìjọ Kristẹni tí wọ́n para pọ̀ di Joint Church Aid ń gbé oúnjẹ láti erékùṣù São Tomé. Àjọ Red Cross Àgbáyé ń gbé tirẹ̀ láti Fernando Po, lẹ́yìn náà láti Kútọnu ní Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí. Pápá Uli kan náà ni àwọn méjèèjì ń bà sí, ọ̀nà mọ́tò tí wọ́n sọ di pápá ọkọ̀ òfurufú, òru sì ni wọ́n ń bà á. Red Cross fẹ́ kí apá méjèèjì tí ń jagun yọ̀ǹda fún òun. Àwọn ìjọ kò dúró de ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Ìjọba Àpapọ̀ ní àfi kí àwọn yẹ ẹrù wò kí ó tó kọjá. Àwọn aṣáájú Biafra kọ ọ̀nà orí ilẹ̀ tí ó gba ọwọ́ ọ̀tá wọn kọjá, wọ́n ní ẹ̀rù ń bà wọ́n kí a má fi májèlé sí oúnjẹ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, ọmọ-ogun òfurufú Nàìjíríà já ọkọ̀ Red Cross kan lulẹ̀. Red Cross dá ìrìnàjò rẹ̀ dúró. Kí oṣù náà tó parí, Ìjọba Àpapọ̀ ti gba àkóso ètò ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí ń rí sí ìmúpadàbọ̀sípò. Àwọn ìjọ ń fò lọ ní tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìtàn mọ̀ pé a kò tíì parí àríyànjiyàn lórí ta ni ó jẹ̀bi. N kò wá dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé oúnjẹ wà ní São Tomé, ó wà ní Kútọnu, ó sì wà ní Èkó, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo wọn gbà pé òun ni yóò sọ pé, ìwọ lọ síhìn-ín, ìwọ lọ sọ́hùn-ún.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó wá nǹkan ṣe sí i. Ọdún 1991 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìpinnu kan yan olùdarí fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Lẹ́yìn ìjàǹbá Darfur, ní ọdún 2005, wọ́n pín iṣẹ́ sí agbo-agbo: agbo omi, agbo ilé gbígbé, agbo ìlera, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Agbo oúnjẹ aṣaralóore bọ́ sọ́wọ́ UNICEF. Ìmìtìtì ilẹ̀ Pakistan ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán ètò náà wò.

Kí ni iṣẹ́ ẹni tí ó ń darí agbo yìí? Ó gbọ́dọ̀ mọ àjọ tí ó wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan àti abúlé tí kò ní ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé òṣùwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ó sì gbọ́dọ̀ lè sọ fún olóore pé, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ èyí. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí kò rọrùn rárá. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Yogyakarta, ní Indonesia, ní ọdún 2006, wọ́n fi wàrà oníyẹ̀fun ta àwọn ìyá lọ́rẹ, ní ibi tí omi mímọ́ ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí rí i pé ìgbẹ́ gbuuru láàrín àwọn ọmọ tí ó gba wàrà náà ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò gbà á lọ.

Síbẹ̀, olùdarí agbo kò ní àṣẹ lórí àjọ kankan, owó wọn kì í sì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. A fẹ́ràn láti máa pa á lówe pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àyà kan ni ọwọ́ wọ̀nyẹn ń sọ, ara kan náà ni wọ́n sì so mọ́. Ọwọ́ tí a ń wí yìí, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti wá.

Mo fẹ́ kí a wo téèpù kékeré kan nísinsin yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù. Ó dà bí ti télọ̀, apá òkè ọmọ tí ó wà láàrín oṣù 6 sí ọdún 5 ni a fi ń wọ̀n. Bí apá náà kò bá tó mìlímítà 115, àwọ̀ pupa ni. Ebi ti mú ọmọ náà dé ojú ikú. Láti 115 títí dé ìsàlẹ̀ 125, àwọ̀ ìyeyè ni. Ebi mú un níwọ̀n. Láti 125 sókè, àwọ̀ ewé ni. Ọmọ aláwọ̀ pupa, UNICEF ni ó máa ń pèsè oúnjẹ ìwòsàn rẹ̀: ẹ̀pà lílọ̀ tí a pò mọ́ wàrà, òróró, ṣúgà àti àwọn èròjà afúnnilókun, nínú ọ̀rá tí ó wọn gíráàmù 92, tí kò sì béèrè omi tàbí iná. Ọmọ aláwọ̀ ìyeyè, Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé ni ó ni ín, pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn, àti ní ọ̀pọ̀ ibi, ọjọ́ mìíràn àti ibùdó mìíràn.

Ẹ wá fojú inú wo ìyá tí ọmọ rẹ̀ wọn 114. Wọ́n tọ́jú ọmọ náà, apá rẹ̀ sanra díẹ̀, ó kúrò nínú pupa, wọ́n yìn ín, wọ́n ní kí ó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn kejì. Bí owó àwọn kejì bá ti tán ńkọ́? Bí wọn kò bá dé abúlé náà rí ńkọ́? Ọmọ yóò padà sílé, yóò máa rù títí yóò fi tún yẹ fún pupa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ yìí, àgbà méjèèjì ni ọwọ́ wọn tó o, ìlà tí a fà sára téèpù ni kò jẹ́ kí wọ́n na ọwọ́.

Nílé wa níhìn-ín pàápàá, ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wọ Bama ní ìpínlẹ̀ Borno. Wọ́n bá ènìyàn bí 24,000 nínú àgọ́ kan. Nínú nǹkan bí 800 ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò, 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà nínú ewu ikú. Wọ́n ka ibojì tí ó lé ní 1,200 tí a gbẹ́ láàrín ọdún kan, 480 nínú wọn jẹ́ ti ọmọdé. Bama sí Maiduguri kò ju nǹkan bí kìlómítà 70 lọ, àwọn àjọ àgbáyé sì ti wà ní Maiduguri kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ogun dí ọ̀nà, a kò lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà bá dí ni ó yẹ kí a ti mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pariwo, kí ibojì tó tó ọgọ́rùn-ún.

Ohun kan wà tí ó fún mi ní ìrètí. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Kenya àti South Sudan, èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Oúnjẹ ẹ̀pà kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọmọ pupa àti ọmọ ìyeyè, ní ibùdó kan náà: ọ̀rá méjì lójúmọ́ fún ti àkọ́kọ́, ẹyọ kan fún èkejì. Àwọn ọmọ náà gbádùn bí àwọn tí a tọ́jú ní ọ̀nà àtijọ́, owó tí ó ná wọn sì dín. Ní tèmi, kò sí ìdí ìṣègùn tí a fi ní láti pín ọmọ kan sí méjì mọ́. Èyí tí ó kù ni bí a ó ti pín owó àti orúkọ láàrín àwọn àjọ, àti bóyá ìjọba orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ kàn ni yóò jókòó sórí àga olùdarí tàbí àlejò. Mo mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ mi tí ó wà lápá òsì mi yìí kò ní gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, nítorí náà mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un.