Kí A Tó Kọ Ọ́, Ká Rò Ó: Ìwé Kíkọ Níbi Iṣẹ́ àti fún Àyẹ̀wò Ara Ẹni

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa wá sọ fún mi pé èmi ni yóò sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, mo ní kí ó wá ẹlòmíràn, nítorí pé èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ó ní, "Bàbá, ọdún márùndínlógójì lẹ fi ń kọ̀wé fún ìjọba." Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì rí èsì fọ̀. Láti ọdún 1984 títí di ọdún 2019 tí mo fẹ̀yìn tì, kò sí ọjọ́ iṣẹ́ kan tí n kò kọ nǹkan sínú fáìlì. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó mọ ohun tí ìwé kíkọ jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

ÀROKÒ ÀTI ÀRÒKỌ

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, àwọn baba ńlá wa ti ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Àrokò ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá di owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé "fà" wà nínú "ẹẹ́fà". Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹ wò ó bí iṣẹ́ náà ti gba ìrònú tó. Ẹni tó ń di àrokò kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Bí ó bá ka owó ẹyọ náà ní àkàṣì, kò sí ẹni tí yóò bá a tún un ṣe lójú ọ̀nà.

Nígbà tí a wá di ọmọ iléèwé, wọ́n kọ́ wa ní ohun mìíràn tí a ń pè ní àròkọ. Orúkọ náà ti sọ bí a ṣe ń ṣe é: rírò ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kíkọ ni ó tẹ̀lé e. Púpọ̀ nínú wa ni ó yí i padà. A máa ń kọ ọ́ tán kí a tó rò ó. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹlòmíràn ni ó sì jìyà rẹ̀.

ÌLÀ KAN ṢOṢO

Ní ọdún 1989, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kò tíì kó wá sí Àbújá, mo jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Èkó. Fáìlì kan dé orí tábìlì mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Òṣìṣẹ́ kan ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé owó oṣù. Mo kọ ìlà kan ṣoṣo síbẹ̀, pé kí wọ́n dá owó oṣù Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá dúró. Orúkọ ìdílé nìkan ni mo kọ. N kò kọ orúkọ àbísọ rẹ̀, n kò kọ nọ́ńbà fáìlì rẹ̀, n kò sì kọ ẹ̀ka tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń kánjú kí n má bàa pàdé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé yẹn. Ẹni tí wọ́n dá owó rẹ̀ dúró ni dírébà kan tó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, tó sì ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Oṣù márùn-ún ni ó fi ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti ń sọ fún un pé òkè ni àṣẹ náà ti wá. Èmi ni òkè yẹn, n kò sì mọ̀. Nígbà tó yá, ó dé iwájú tábìlì mi, ó na ìwé kan sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ bá mi kà á." Mo kà á, ojú sì tì mí. Ó ti yọ ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò ní iléèwé gíga nítorí owó.

Wọ́n san owó náà fún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè san án, mo ní láti ṣe àlàyé nínú fáìlì. Mo kọ àlàyé náà ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, lọ́nà tí ó fi dà bí ẹni pé àṣìṣe náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ni. Kò sí orúkọ mi níbẹ̀ rárá. Ọ̀gá mi yìn mí pé mo mọ ìwé kọ.

BÍ A ṢE LÈ KỌ̀WÉ DÁADÁA NÍBI IṢẸ́

Nínú ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà ni mo ti kọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n wúlò fún òṣìṣẹ́ ìjọba, fún oníṣòwò, àti fún akọ̀wé ẹgbẹ́.

Èkíní, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ béèrè pé: ta ni yóò kà á, kí sì ni mo fẹ́ kí ó ṣe? Bí ẹ kò bá lè fi gbólóhùn kan dáhùn, ẹ má tíì kọ ọ́. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi ohun tí ẹ ń béèrè ṣáájú. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìkíni, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá yín ka ojú ewé kan tán kí ó tó mọ̀ pé ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ń tọrọ.

Èkejì, ẹ kọ orúkọ ní pípé, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iye, ẹ kọ nọ́ńbà. "Láìpẹ́ yìí" kì í ṣe ọjọ́. "Owó díẹ̀" kì í ṣe iye. Ẹni tí yóò ka ìwé yín lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ní rí yín béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ìwé kíkọ sá fún ìpinnu. Ẹ̀yin tí ẹ bá fáìlì ṣe mọ àwọn lẹ́tà K.I.V. tí a máa ń kọ sí i, pé kí fáìlì náà wà nítòsí kí a má baà gbàgbé rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn fáìlì tí a kọ ọ́ sí ni ó sùn tí kò jí mọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní láti dúró, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún wò ó síbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí yín pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sókè kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Etí máa ń gbọ́ ohun tí ojú fò dá. Ibi tí èémí yín bá ti tán láàárín gbólóhùn, ẹ gé e sí méjì. Bí ọ̀ràn náà bá le, tàbí tí inú bá ń bí yín, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fi fóònù kọ̀wé ni mo ń bá wí jù níhìn-ín. Ẹyin lohùn, èyí tí a fi WhatsApp ránṣẹ́ pàápàá, bí ó bá ti balẹ̀, kò ṣe é kó.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Ẹ jẹ́ kí a rántí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó fún títẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfojú kan ìwé náà. Ohun tó gba iṣẹ́ náà là ni àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó fi sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn wọ̀nyí, ó tún ìwé náà kọ, ó sì jáde ní ọdún 1921. Bí kò bá sí àjákù ìwé wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ohun tí a ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nípa àwọn baba wa ì bá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Lóde òní, ẹ̀rọ wà tó lè bá èèyàn kọ lẹ́tà láàárín ìṣẹ́jú kan. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ èwo ni dírébà nínú ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ni ìwé ń bá wí.

ÌWÉ TÍ A KỌ FÚN ARA WA

Ìwé kíkọ tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, ẹlòmíràn ni a kọ ọ́ fún. Èyí tó kù ni èyí tí a ń kọ fún ara wa.

Kì í ṣe àṣà àjèjì. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. ní ilẹ̀ wa láyé àtijọ́ máa ń kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni wọn kò fi rí ara wọn. Ìdí tí a fi mọ ọjọ́ náà gan-an ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ ọjọ́ tí òun àti ìyá òun jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?

Ní Ìbàdàn, Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, tó bẹ̀rẹ̀ bí akọ̀wé tó wá di aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Àwọn ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Kì í ṣe ògo nìkan ni ó kọ síbẹ̀. Ó kọ gbèsè tó jẹ, ó kọ ìdààmú ọkàn rẹ̀ lórí owó. Ẹni tó bá lè kọ gbèsè ara rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ti ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Èmi ra ìwé ìkọ̀wé kan ní ọjà Wuse ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń fi kọ ọ́ lálẹ́, mo sì ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni mo ṣe lónìí? Ta ni ó kàn? Kí ni mo lè ṣe lọ́nà mìíràn? Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ti ìjọba.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ dírébà yẹn wá sọ́kàn mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́ sínú fáìlì. Ó di ìṣòro. Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì lè sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Yorùbá máa ń fẹ́ mọ ẹni náà. Mo kọ ọ́ pé, "Wọ́n ṣe àṣìṣe." Mo wò ó. Ta ni ń jẹ́ "wọ́n"? Mo fagi lé e, mo kọ, "A ṣe àṣìṣe." Èmi àti ta ni? Mo tún fagi lé ìyẹn. Ìgbà kẹta ni mo tó kọ ọ́ bí ó ti rí: "Mo ṣe àṣìṣe. Mo ń kánjú." Ọgbọ̀n ọdún ni ó gbà mí kí n tó lè kọ gbólóhùn kúkúrú méjì yẹn.

Nígbà tí mo ti kọ ọ́, n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, mo sì pè é nílùú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín nígbà náà." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọmọ náà padà sí iléèwé, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún kan ṣíwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Ẹ ṣeun tí ẹ pè." N kò lè dá ọdún kan yẹn padà fún ọmọ náà. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀ yín ní ohun méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ Ajé, ẹ rántí ẹni tí ìwé náà yóò bá nílé, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ ní pípé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, Olóyè Simeon Adébọ̀, tó ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kọ ìrántí ayé rẹ̀ ní ìwé tó jáde ní ọdún 1984. Kò di dandan kí tiwa di ìwé tí a tẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé kan àti bírò kan tó láti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, rere àti búburú, kí ẹ má sì fi "wọ́n" sí ibi tí ó yẹ kí "mo" wà.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ọwọ́ wa kọ ohun tí ojú kò ní tì wá láti kà.