Ọ̀rọ̀ Kan Láti Ilé Arọ

Ọ̀rọ̀ kékeré kan la mú wá: “rọ”. Alágbẹ̀dẹ kì í kàn ṣe ọkọ́, rírọ ló ń rọ ọ́. Ibẹ̀ la ti rí “ilé arọ”. Iṣẹ́ àwọn tó ń yọ́ irin lára òkúta yàtọ̀, irú èyí tí òyìnbó Bellamy kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní 1904. Irin òkèèrè ló pa iná ìléru wọn. Àgbẹ̀dẹ ṣì kù, àmọ́ “wẹ́dà” làwọn ọmọ wa ń pè é! Wẹ́dà ń jó irin pọ̀ ni. Kí alágbẹ̀dẹ tó rọ irin, irin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ nínú iná. Ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì. A bẹ̀ yín, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó, kí ẹwìrì tó dákẹ́.