Oníṣègùn àti Oògùn Tirẹ̀
(Ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹ̀ka Niamey, Niger)



Àwa tí a ń gbé Niamey, lẹ́bàá Odò Ọya, mọ ohun tí ìgbà òjò ń mú wá. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀fọn ń pọ̀, tí ibà sì ń wọlé tọ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Láti ọdún 2013 ni a ti ń pín oògùn ìdènà ibà fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Niger. Lóṣooṣù nínú òjò, ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ ń lò ó. Lọ́jọ́ kìíní, òṣìṣẹ́ ìlera a máa wò ó bí ó ti ń gbé e mì; ti ọjọ́ kejì àti ìkẹta di ọwọ́ ìyá nílé. Oògùn náà korò, ọmọ a sì máa sunkún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń fi í sílẹ̀.

A máa ń sọ pé àìmọ̀ ni ó fa èyí. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ oògùn ju dókítà lọ? Ní ọdún 2022, Amy Finkelstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ará Sweden. Ìlànà 63 nípa lílo oògùn ni wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn tí kò ní dókítà nínú ẹbí pa ìlànà mọ́ ní ìgbà bí 54 nínú 100. Ti àwọn dókítà àti ìbátan wọn tún fi bí 4 dín sí i!

Ó lè jẹ́ pé nígbà mìíràn dókítà rí ìdí tí ìlànà kò fi bá ara òun mu. Ṣùgbọ́n àwa tí a kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe àwáwí. Oògùn ibà tí ó wọ́pọ̀ lóde òní, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ni a ń lò ó. Ní ọjọ́ kejì, ara a ti fúyẹ́, a ó sì kó ìyókù pamọ́ de ìgbà mìíràn, nígbà tí kòkòrò ibà lè má tíì tán nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ rántí Náámánì. Ẹ̀ẹ̀meje ni a ní kí ó wẹ̀. Bí ó bá jáde lẹ́yìn ìkẹfà, adẹ́tẹ̀ ni ìbá padà sílé. Ẹ sì rántí pé ìbínú ti fẹ́ gbé ọ̀gágun náà lọ. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó pàrọwà fún un.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ń lo oògùn nínú wa fi ẹnì kan ṣe ẹlẹ́rìí, ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ, tí yóò máa bi í pé: "Ṣé ẹ ti lò ó?" Kí ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì inú ìjọ pẹ̀lú ní dókítà mìíràn tí ẹ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí oògùn bá sì ń ṣe wá níbi, kí a padà lọ sọ fún ẹni tí ó kọ ọ́ fún wa, kí a má ṣe dá a dúró fúnra wa.

Kí Olúwa fún wa ní ìlera àti sùúrù láti parí ohun tí a bẹ̀rẹ̀. Àmín.